Yìnyín gbígbẹ tí wọ́n fi ń fọ ọkọ̀: kẹ́ ẹ tó ra ẹ̀rọ, ẹ kọ́kọ́ béèrè ibi tí yìnyín yóò ti wá

Bẹ́ ẹ bá ní ibi tí wọ́n ti ń fọ ọkọ̀ ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀, ní Ọ̀rùn tàbí ní Èmùré, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti fi fídíò kan hàn yín lórí fóònù rẹ̀. Nínú fídíò náà, ọkùnrin kan wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn, ó fi nǹkan bo etí, ó di ohun kan tó dà bí ìbọn mú, ó sì ń tú èéfín funfun sí abẹ́ ọkọ̀. Ibi tí èéfín náà bá ti kàn, ọ̀rá dúdú tó ti lẹ̀ mọ́bẹ̀ láti bí ọdún mẹ́wàá á bó dànù, irin á sì mọ́ bí ìgbà tí ọkọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Kò lo omi, kò lo ọṣẹ, kò lo epo bẹntiróòlù. Lẹ́yìn náà ni ẹni tó ni fóònù á wá béèrè pé: “Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tẹ́ ò ra irú ẹ̀rọ yìí?”

Ìbéèrè gidi ni, ó sì yẹ ká dá a lóhùn dáadáa, torí pé owó ńlá ni ẹ̀rọ náà, kì í sì í ṣe owó tí èèyàn ń yá láìronú. Òótọ́ ni ohun tí fídíò náà fi hàn. Iṣẹ́ náà wà, ó sì dára. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní igi gànǹgànràn má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ohun tí fídíò kò fi hàn ni ibi tí wọ́n ti rí yìnyín náà, iye ọjọ́ tó lè lò kó tó pòórá, àti irú ẹ̀rọ atú-afẹ́fẹ́ tó wà lẹ́yìn ọkùnrin yẹn. Àwọn nǹkan mẹ́ta wọ̀nyí ló ń sọ bóyá èrè wà níbẹ̀ àbí gbèsè.

Kí ni wọ́n ń pè ní yìnyín gbígbẹ?

Gáàsì kan wà tí gbogbo wa ń mí jáde nímú, tó tún jẹ́ pé òun ló ń hó nínú ìgò mínírà nígbà tá a bá ṣí i. Orúkọ rẹ̀ ni carbon dioxide. Bí wọ́n bá fún gáàsì yìí pọ̀ tó sì tutù gan-an, á di ohun líle funfun bí yìnyín. Ohun náà làwọn òyìnbó ń pè ní dry ice, tí àwa ń pè ní yìnyín gbígbẹ níbí. Ará Faransé kan, Adrien Thilorier, ló kọ́kọ́ kọ̀wé nípa rẹ̀ lọ́dún 1835.

Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí yìnyín tí ìyá oníbísí ń tà ni pé kì í yọ́ di omi. Tó bá ti kúrò nínú òtútù, inú afẹ́fẹ́ ló ń gbà lọ tààrà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní gbígbẹ. Òtútù rẹ̀ sì kọjá èyí tá a mọ̀. Fírísà tó wà nínú ilé sábà máa ń wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 18 sísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Yìnyín gbígbẹ wà ní ìwọ̀n 78.5 sísàlẹ̀ òdo. Àwọn tó bá rántí àsìkò àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà á rántí pé abẹ́rẹ́ àjẹsára Pfizer nílò òtútù tó lé ní ìwọ̀n 60 sísàlẹ̀ òdo. Yìnyín gbígbẹ yìí ni wọ́n kó sínú àwọn àpótí tí wọ́n fi ń gbé e kiri láyé láàárín ọdún 2020 sí 2021.

Ti ká fi fọ nǹkan kì í ṣe tuntun náà. Láàárín ọdún 1970 sí 1990 làwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nílẹ̀ Amẹ́ríkà gbájú mọ́ ọn, pàápàá nítorí ọ̀dà ara ọkọ̀ òfuurufú. Lọ́dún 1986 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ Cold Jet sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ohio, tó ń ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ títí di òní. Láti ibẹ̀ ló ti wọ àwọn ilé-iṣẹ́ búrẹ́dì, ilé ìtẹ̀wé, ilé-iṣẹ́ táyà àti ilé-iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná, kó tó wá dọ́dọ̀ àwọn tó ń tún ọkọ̀ olówó ńlá ṣe.

Báwo ló ṣe ń bó ìdọ̀tí?

Yìnyín náà máa ń wà ní hóró kéékèèké, ó sábà máa ń tó mìlímítà mẹ́ta ní ìbú, bí ẹni wo hóró ìrẹsì. Wọ́n á da hóró wọ̀nyí sínú ẹ̀rọ, afẹ́fẹ́ líle á sì máa tì wọ́n gba inú róòbà jáde lẹ́nu ìbọn rẹ̀. Nǹkan mẹ́ta ló ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí hóró náà bá kan ìdọ̀tí.

Àkọ́kọ́, ó ń gbá a bí òkúta kékeré. Ìkejì, òtútù rẹ̀ ń mú kí ọ̀rá àti gíríìsì le gbagidi, kó sán, kó má lè di irin mú mọ́. Ìkẹta, bí hóró náà ṣe kan irin ló ń di gáàsì lójú ẹsẹ̀, ó sì ń fẹ̀ tó bí ìlọ́po 800. Ìfẹ̀ yìí ló ń ṣí ìdọ̀tí náà kúrò láti abẹ́. Nítorí pé hóró náà rọ̀ ju irin lọ dáadáa, kì í ha irin bí iyanrìn tí àwọn kan fi ń bó ìpẹtà ṣe ń hà á. Lẹ́yìn iṣẹ́, kò sí iyanrìn láti gbá, kò sì sí omi láti gbẹ. Ìdọ̀tí tó bó nìkan ló máa wà nílẹ̀.

Ẹ fọkàn sí gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn. Yìnyín ló ń pòórá, ìdọ̀tí kì í pòórá. Ọ̀rá tẹ́ ẹ bó lára ẹ́ńjìnnì á ta síbi gbogbo, títí kan ara ọkọ̀ tó wà nítòsí àti aṣọ òṣìṣẹ́ yín. Ẹ ṣì máa gbálẹ̀, ẹ ṣì máa nu ọkọ̀.

Ibi tó ti dára ju omi lọ

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ nípa bá a ṣe ń fọ ẹ́ńjìnnì lágbègbè wa. Eruku pupa ilẹ̀ Èkìtì ń lẹ̀ mọ́ ọ̀rá tó ń jò lára ẹ́ńjìnnì, á wá di bí amọ̀. Tí òjò bá dé, ẹrẹ̀ ọ̀nà oko á tún kún un. Ọkọ̀ tó ń kó kòkó tàbí pákó láti inú oko ló ń jìyà rẹ̀ jù. Nígbà tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá dé, ọ̀pọ̀ ọmọṣẹ́ á fi búrọ́ọ̀ṣì àti bẹntiróòlù tàbí kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, wọ́n á sì wá fi ẹ̀rọ tó ń tú omi pẹ̀lú agbára ṣàn án.

Ewu méjì ló wà níbẹ̀. Bẹntiróòlù lórí ẹ́ńjìnnì tó ṣì gbóná, pẹ̀lú bátìrì tí wọn ò tú, iná ló ń wá. Èkejì ni pé ọkọ̀ òde òní kì í ṣe ọkọ̀ ayé àtijọ́. Wáyà kún inú rẹ̀, ó ní ojú ìsopọ̀ káàkiri, ó ní bírénì bọ́ọ̀sì tó ń darí ẹ́ńjìnnì. Omi tó bá wọ ojú ìsopọ̀ wáyà kan lónìí lè má bà á jẹ́ lónìí. Ó lè di ọ̀sẹ̀ méjì kó tó dípẹtà, kí iná inú ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège, kí oníbàárà tó padà wá bá yín pé ẹ ti ba ọkọ̀ òun jẹ́. Lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó máa gbà pé kì í ṣe ẹ̀yin.

Ibẹ̀ gan-an ni yìnyín gbígbẹ ti wúlò. Ẹni tó mọ̀ ọ́n lò lè fọ àárín wáyà, abẹ́ ọkọ̀, inú ihò ibi tí búrọ́ọ̀ṣì kò lè dé, láìsí pé omi kan bàáyà kankan. Ó tún dára fún gíríìsì tó ti gan mọ́ abẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù, kí mẹkáníìkì lè rí ibi tí ọ̀rá ti ń jò gan-an. Ìyẹn nìkan lè dín ọjọ́ tí mẹkáníìkì ń lò kù, torí pé ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ń tú ohun tí kò bà jẹ́ nítorí pé wọn ò ríran.

Ibi tí kò ti lè ràn yín lọ́wọ́

Àwọn nǹkan kan wà tí kò lè ṣe. Kò lè bó ìpẹtà tó ti jẹ irin wọnú. Èyí tó kàn wà lókè nìkan ló lè mú kúrò. Kò lè mú irin tó ti lù padà bọ̀ sípò. Kò sì wúlò fún ẹrẹ̀ ara ọkọ̀ tí omi àti ọṣẹ ń fọ̀ láàárín ogún ìṣẹ́jú. Ẹni tó bá fi yìnyín gbígbẹ fọ ẹrẹ̀ lásán ń fi owó dáná ni.

Bákan náà, ẹ ṣọ́ra fún ọkọ̀ tí wọ́n ti tún kùn. Ọ̀pọ̀ tokunbo tó wà lójú pópó wa ló ti gba ọ̀dà lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, tí wọ́n sì fi ohun ìrẹ́ dí ibi tó ti kọlu nǹkan. Ọ̀dà tó di irin mú dáadáa kì í sábà bó, ṣùgbọ́n èyí tí kò di irin mú á ṣí kúrò níwájú ẹnu ìbọn náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé àlẹ̀mọ́ tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí, ike tó ti gbó àti fóòmù tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ọkọ̀ oníbàárà, ẹ fi ọwọ́ kan gbogbo rẹ̀, ẹ fi fóònù ya àwòrán rẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ fún un kó tó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀.

Kì í ṣe ẹ̀rọ kan ṣoṣo lẹ ń rà

Ẹni tó bá ń ta ẹ̀rọ fún yín á sọ iye ẹ̀rọ ìtúyìnyín. Ó lè má sọ̀rọ̀ nípa kọ̀mpúrẹ́sọ̀, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kékeré ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tó nǹkan bíi lítà 1,400 ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó tóbi ń fẹ́ ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta ìyẹn. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tí fọkanáísà fi ń fún táyà kò lè sún mọ́ ọn, nítorí pé ọgọ́rùn-ún lítà mélòó kan péré ló ń mú jáde. Tẹ́ ẹ bá so ó mọ́ ọn, ẹ̀rọ náà á tú yìnyín fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, á sì dákẹ́.

Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tó bá lè fún yín ní lítà 1,400 náà ń fẹ́ iná tó tó nǹkan bíi kílówáàtì 10. Jẹnẹrétọ̀ kékeré táwọn èèyàn ń pè ní “I better pass my neighbour” kò tó nǹkan kan níbẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ oní-dísù gidi lẹ máa rà, tàbí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tó ní ẹ́ńjìnnì dísù tirẹ̀. Látìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023, gbogbo oníṣòwò tó ń lo jẹnẹrétọ̀ ló mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí.

Ohun kan tún wà tó jẹ́ ti àdúgbò wa gan-an. Afẹ́fẹ́ tiwa lásìkò òjò kún fún ọ̀rinrin. Tí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ bá fa irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀, omi á kóra jọ sínú róòbà, á dì nígbà tó bá pàdé yìnyín gbígbẹ, hóró yìnyín á lẹ̀ mọ́ra wọn, ẹnu ìbọn á sì dí. Nítorí náà, ẹ tún máa ra ẹ̀rọ tó ń gbẹ afẹ́fẹ́. Bákan náà, irin tó ti tutù gan-an lẹ́yìn iṣẹ́ á máa làágùn bí ìgò mínírà tó ti inú fírísà jáde. Ẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ kó padà gbóná díẹ̀ kẹ́ ẹ tó tan ọkọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, omi tẹ́ ẹ sá fún á tún dé. Lásìkò ọyẹ́, ìṣòro yìí dín kù.

Ọjà tó ń pòórá lọ́wọ́ yín

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà wà gan-an rèé. Yìnyín gbígbẹ kì í dúró dè yín. Bí ẹ̀yin bá sùn, kò sùn, ó ń dín kù. Ẹ kò lè rà á pa mọ́ títí oníbàárà á fi dé, bí ẹ ṣe ń ra ọṣẹ. Kò sí fírísà ilé tó lè dá a dúró, torí pé lójú yìnyín gbígbẹ, fírísà gan-an gbóná.

Àwọn ilé-iṣẹ́ gáàsì ló ń ṣe é, Èkó sì lọ̀pọ̀ irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà. Láti Èkó dé Ìkẹ́rẹ́ lé ní 300 kìlómítà. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Ká ní ẹ ra kílò 100 lọ́jọ́ Ajé, ẹ sì gbé e sínú àpótí tó dára débi pé ìdá kan nínú mẹ́wàá ló ń pòórá lójúmọ́. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, á ku 90. Lọ́jọ́rú, á ku 81. Lọ́jọ́bọ̀, á ku 73. Lọ́jọ́ Ẹtì, á ku 66. Tó bá di ọjọ́ Àbámẹ́ta tí àwọn oníbàárà ń rọ́ wá nítorí òde àríyá, kílò 59 ló kù. Nínú kúlà lásán tí wọ́n fi ń ta ohun mímu tútù, ó lè yára ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní báyìí, ká wo owó. Iye tá a fẹ́ lò yìí, àpẹẹrẹ lásán ni, ẹ fi iye tí wọ́n bá sọ fún yín lọ́jà rọ́pò rẹ̀. Ká ní kílò kan jẹ́ ₦1,000, kílò 100 á jẹ́ ₦100,000. Ká ní owó tẹ́ ẹ fi gbé e láti Èkó jẹ́ ₦60,000. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦160,000. Tẹ́ ẹ bá ṣiṣẹ́ lọ́jọ́rú, kílò 81 lẹ ní lọ́wọ́. Kílò kan tẹ́ ẹ rò pé ₦1,000 lẹ rà á ti di ₦1,975. Tí ẹ́ńjìnnì kan bá jẹ kílò 25, yìnyín nìkan ti gba ₦49,000 ó lé díẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀. Kílò 81 á fọ ẹ́ńjìnnì mẹ́ta, á sì ku kílò mẹ́fà tí kò tó ohunkóhun. Ìyẹn ni pé ọkọ̀ mẹ́ta ló máa pín ₦160,000 náà san, ọ̀kọ̀ọ̀kan á gba ₦53,333. Ẹ kò tíì ra dísù, ẹ kò tíì san owó òṣìṣẹ́, ẹ kò tíì yọ owó ẹ̀rọ díẹ̀díẹ̀. Tó bá sì jẹ́ pé ọkọ̀ kan ṣoṣo ló wá lọ́jọ́rú náà ńkọ́? Ọkọ̀ kan ṣoṣo náà ló máa gbé gbogbo ẹrù ₦160,000, àyàfi tẹ́ ẹ bá tètè rí àwọn yòókù kí yìnyín tó tán.

Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ kẹ́ ẹ bi ara yín kì í ṣe “Ṣé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́?” Ó ń ṣiṣẹ́. Ìbéèrè náà ni pé: “Ṣé mo lè kó ọkọ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin jọ lọ́jọ́ kan náà, tí olúkúlùkù wọn máa san iye yẹn, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀?” Ẹni tí ìdáhùn rẹ̀ bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, kó má tíì yá owó.

Àwọn kan á ní ká kúkú ra ẹ̀rọ tó ń ṣe yìnyín náà fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wà, ṣùgbọ́n gáàsì tí wọ́n ti fún di omi ló ń lò, ó sì sábà máa ń jẹ ju kílò méjì irú omi bẹ́ẹ̀ lọ kó tó fún yín ní kílò kan yìnyín. Ẹ tún máa nílò táǹkì ńlá àti ọkọ̀ táńkà tó máa máa gbé e wá. Iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá nìyẹn.

Ewu tó wà nínú rẹ̀

Ọ̀rọ̀ owó kọ́ ni gbogbo rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí náà wà ńbẹ̀. Kílò kan yìnyín gbígbẹ ń di gáàsì tó lé ní lítà 500. Gáàsì yìí kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà ilẹ̀ ló ń kóra jọ sí, pàápàá nínú kòtò tí mẹkáníìkì ń wọ̀ lábẹ́ ọkọ̀. Ẹ wo ṣọ́ọ̀bù kan tó jẹ́ mítà mẹ́rin ní ìbú, mẹ́rin ní gígùn, mẹ́ta ní gíga. Ó gba lítà 48,000 afẹ́fẹ́. Tẹ́ ẹ bá ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, tẹ́ ẹ sì lo kílò 25, gáàsì tó máa jáde á lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo àyè náà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìdá mẹ́rin péré nínú ọgọ́rùn-ún làwọn aláàbò òṣìṣẹ́ nílẹ̀ Amẹ́ríkà ti kà sí ewu ikú lójú ẹsẹ̀.

Èyí kì í ṣe àsọdùn. Lóṣù kejì ọdún 2020, nílùú Moscow, wọ́n da yìnyín gbígbẹ sínú omi ìlúwẹ̀ẹ́ tó wà nínú ilé níbi ayẹyẹ ọjọ́ ìbí kan, kí èéfín lè máa rú fún ẹwà. Èèyàn mẹ́ta ló kú. Lóṣù keje ọdún 2018, ní ìpínlẹ̀ Washington nílẹ̀ Amẹ́ríkà, obìnrin kan kú nínú ọkọ̀ tí wọ́n kó kúlà yìnyín gbígbẹ sí, tí wọ́n fi ń ta áísì kírímù. Ẹni tó bá fẹ́ gbé e láti Èkó wá sí Èkìtì nínú bọ́ọ̀sì tó ti wíńdò pa torí ẹ̀rọ amúlétutù, kó tún èyí kà.

Àwọn òfin tí kò ṣeé yẹ̀ nìwọ̀nyí. Ìta gbangba tàbí abẹ́ òrùlé tí kò ní ògiri ni kẹ́ ẹ ti ṣiṣẹ́, ẹ má ṣe é nínú kòtò. Ẹ má fi ọwọ́ lásán kan yìnyín náà, ó ń jó awọ bí iná. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn, ẹ fi gíláàsì bo ojú, ẹ dí etí, nítorí pé ariwo ẹnu ìbọn náà lè ba etí jẹ́. Ẹ má dé e pinpin sínú ìgò tàbí kẹ́ẹ̀gì, á bẹ́. Tẹ́ ẹ bá ń gbé e nínú ọkọ̀, ẹ gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ tí kò ní òrùlé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ṣí wíńdò sílẹ̀ láti Èkó títí dé ilé. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé sún mọ́ ọn.

Kí lẹ wá lè ṣe?

Lójú tiwa, ọ̀nà mẹ́ta ló ṣí sílẹ̀ fún oníṣòwò tó wà ní gúúsù Èkìtì.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ kò ná yín ní owó púpọ̀, ọ̀la kọ́ lẹ máa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, òní ni. Ẹ ya fífọ ẹ́ńjìnnì sọ́tọ̀ kúrò lára fífọ ọkọ̀, kẹ́ ẹ sì dá owó rẹ̀ lé lọ́tọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù. Ẹ tú orí bátìrì. Ẹ fi ọ̀rá nálọ́ọ̀nù bo ọ́tánétọ̀, ibi tí wọ́n ń so wáyà pọ̀ sí àti ẹnu ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa afẹ́fẹ́. Ẹ lo oògùn tí wọ́n ṣe fún ọ̀rá ẹ́ńjìnnì dípò bẹntiróòlù, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, ẹ fi omi díẹ̀ tí kò lágbára ṣàn án, ẹ sì fi afẹ́fẹ́ kọ̀mpúrẹ́sọ̀ kékeré gbẹ ẹ́ kẹ́ ẹ tó tan án. Kò ní dán tó ti inú fídíò, ṣùgbọ́n kò ní jóná, kò sì ní ba wáyà jẹ́. Oníbàárà tó rí i pé ẹ tú bátìrì òun kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ọkọ̀ òun á mọ̀ pé ẹ mọ iṣẹ́.

Ọ̀nà kejì ni ti àjọṣe. Ìkẹ́rẹ́ wà láàárín olú-ìlú ìpínlẹ̀ méjì, Adó-Èkìtì àti Àkúrẹ́. Ohun ìní gidi nìyẹn jẹ́ fún oníṣòwò. Ìsẹ̀, Ọ̀rùn àti Èmùré wà lápá ìlà-oòrùn, kò sì sẹ́ni tó lè dá rí ọkọ̀ tó tó níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí àwọn tó ń fọ ọkọ̀ ní ìlú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá para pọ̀ nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, wọ́n lè yan ọjọ́ kan lóṣù, kí wọ́n kọ orúkọ oníbàárà sílẹ̀, kí wọ́n gba ìdajì owó sọ́wọ́, kí wọ́n sì pe ẹni tó ti ní ẹ̀rọ náà níbòmíràn kó gbé e wá pẹ̀lú yìnyín rẹ̀. Tí orúkọ kò bá pé, ẹ má pè é. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa mọ̀ bóyá oníbàárà wà, kí gbèsè tó wà.

Ọ̀nà kẹta ni kẹ́ ẹ má wo ọkọ̀ nìkan. Ọkọ̀ aládàáni kọ́ ló ń san owó gidi nídìí iṣẹ́ yìí níbi tó ti gbilẹ̀. Àwọn tó ní ẹ̀rọ tí omi kò gbọ́dọ̀ kàn ló ń san án: ilé búrẹ́dì tí páànù àti ààrò rẹ̀ ti gan, ilé ìtẹ̀wé tí yíǹkì ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ rẹ̀, ilé-iṣẹ́ tó ní jẹnẹrétọ̀ ńlá. Ọjọ́ tí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá dá iṣẹ́ dúró, owó ló ń sọnù, ìdí nìyẹn tí kò fi ní bá yín yọwó pẹ́. Ẹ rìn yí ká Adó àti Àkúrẹ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fọ ẹ̀rọ wọn àti iye ọjọ́ tó ń gbà wọ́n. Tẹ́ ẹ bá rí mẹ́rin tàbí márùn-ún tó fọwọ́ síwèé pé àwọn máa pè yín lóṣooṣù, ẹ̀rọ náà ti ní ẹsẹ̀ tó máa fi dúró, fífọ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ á wá jẹ́ èrè orí èrè.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ ra ẹ̀rọ lẹ́yìn gbogbo èyí, kó mú ìwé kó kọ nǹkan márùn-ún sílẹ̀: ta ló máa tà yìnyín fún mi, ọjọ́ wo ló máa ń dé, kílò mélòó ló máa kù nígbà tó bá dé Èkìtì, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ wo ni màá lò àti dísù tó ń jẹ ní wákàtí kan, àti àwọn wo ló ti san owó sílẹ̀. Tí ọ̀kan nínú márààrún kò bá ní ìdáhùn, ẹ fi owó yín sápò.

Ẹ̀gbọ́n tí wọ́n bi ní ìbéèrè lórí fóònù lẹ́ẹ̀kan kò gbọdọ̀ tijú láti dáhùn pé: “Mo ti rí i, ó dára, ṣùgbọ́n mo ṣì ń wá ẹni tó máa jẹ́ kí yìnyín náà dé ọ̀dọ̀ mi kó tó tán.” Oníṣòwò tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò gọ̀. Ó mọ̀ pé ọjà tó ń pòórá lójoojúmọ́ kì í dúró de ẹni tí kò tíì rí oníbàárà.